Yíyan Oúnjẹ Gbígbẹ Tuntun fún Àwọn Ajá Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí kì í ṣe ti owó yíyá, kì í sì í ṣe ti èrè orí ìpín. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí ó bá rìn kiri ní Mowe, ní Ibafo tàbí ní Ifo lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò mọ̀ pé ajá ni ó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí a fi owó ẹgbẹ́ kọ́. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti Èkó wá ra ilẹ̀ síbí, tí a sì ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Ta ni a fi sílẹ̀ nílé? Ajá ni. Ẹni tí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan ti lè ní mẹ́rin báyìí: akọ ńlá kan, abo kan tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ ajá kan tí a kò tíì rí ẹni gbà á, àti èkúkè arúgbó kan tí ó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí a tó kan òrùlé.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni owó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí a ó máa ṣẹ́ náírà sí owó òkèèrè. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní bánkì. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Oúnjẹ ajá tí ó ń ti òkè òkun wá bá a lọ sókè. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé náà kò dúró lójú kan, nítorí pé àgbàdo àti sóyà wọ́n, àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pò mọ́ ọn sì ń wọlé láti òkèèrè. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ tí ajá wọn ti ń jẹ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Pípààrọ̀ náà kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a kàn na ọwọ́ sí àpò tí owó rẹ̀ kéré jù lọ.

Oúnjẹ gbígbẹ inú àpò kì í ṣe ohun ìgbà àwọn baba ńlá wa. Ní nǹkan bí ọdún 1860, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ James Spratt wà ní ìlú London, ó sì rí bí àwọn ajá etí omi ṣe ń du bisikíìtì líle tí àwọn atukọ̀ ń jù nù. Ibẹ̀ ni ó ti ronú kan bisikíìtì ajá, ó sì fi í ṣòwò. Hóró tí a mọ̀ lónìí yìí, ọdún 1957 ni ilé iṣẹ́ Purina ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ jáde: wọn a lọ àgbàdo, ẹran àti ọ̀rá pọ̀, wọn a sè é nínú ẹ̀rọ gbígbóná tí ó ń fi agbára tì í jáde lójú ihò, bí ó bá sì ti bọ́ síta yóò wú bíi gúgúrú. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ilé iṣẹ́ Grand Cereals ní Jos ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní Binggo, àwọn mìíràn sì ń ṣe tiwọn. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbàdo yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yìn àpò ni kí a kọ́kọ́ kà

Àwòrán ajá dídán tí ó wà níwájú àpò kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ yí àpò náà padà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wá ni COMPLETE, èyí tí ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ náà nìkan lè dá ajá bọ́. Bí ó bá jẹ́ COMPLEMENTARY ni wọ́n kọ síbẹ̀, àfikún lásán ni, ẹni tí ó bá fi dá ajá bọ́ ń fi ebi pa á ni. Ẹ̀yìn èyí ni kí a wo irú ajá tí wọ́n ṣe é fún, bóyá àgbà, bóyá ọmọ, bóyá gbogbo wọn. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò kú, àti nọ́ńbà bátì. Nọ́ńbà bátì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni a ó fi mú ẹlẹ́bi bí oúnjẹ náà bá pa ajá lára. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra oúnjẹ ajá tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò sínú láílọ́ọ̀nù dúdú lọ́jà. Kò ní ọjọ́, kò ní nọ́ńbà, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọ́n ti tú ẹnu àpò rẹ̀.

Nísinsìnyí, èròjà amúaradàgbà, tí wọ́n ń kọ ní PROTEIN. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ẹranko ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé ìlànà wọn, sọ pé kò gbọdọ̀ dín sí 18 nínú 100 fún àgbà ajá, kò sì gbọdọ̀ dín sí 22.5 fún ọmọ ajá àti abiyamọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí a bá ti yọ omi inú oúnjẹ kúrò ni wọ́n ń ka iye wọ̀nyí. Oúnjẹ gbígbẹ a máa ní omi tó bíi 10 nínú 100. Bí wọ́n bá kọ 20 sára àpò, kí a pín in pẹ̀lú 90, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ó di 22.2. Ó tó fún àgbà, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún ọmọ. Bí wọ́n bá kọ 22, ó di 24.4, ìyẹn sì tó fún gbogbo wọn.

Ṣé iye yẹn nìkan ti tó láti gbọ́kàn lé? Rárá o. Ilé àyẹ̀wò kì í ka ẹran, náítírójìn ni wọ́n ń wọ̀n, wọn a sì fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀ láti mọ iye amúaradàgbà. Àwọn ẹlẹ́tàn kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Menu Foods bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ ajá àti ológbò padà láti ọjà Amẹ́ríkà àti Kánádà, nítorí pé wọ́n ti pò melamine, èròjà tí a fi ń ṣe àwo ike, mọ́ ohun tí wọ́n pè ní gúlútẹ́nì àlìkámà tí ó ti Ṣáínà wá. Náítírójìn kún inú melamine ju ti ẹran lọ fíìfíì, ó sì jẹ́ kí oúnjẹ burúkú dà bí èyí tí ó dára lójú àyẹ̀wò. Inú kíndìnrín àwọn ẹranko náà ni ó ti di òkúta wẹ́wẹ́. Ọdún kejì, ọdún 2008, wọ́n rí ohun kan náà nínú mílíìkì àwọn ọmọ ọwọ́ ní Ṣáínà. Nítorí náà, kí a ka orúkọ àwọn èròjà pẹ̀lú iye wọn. Bí èyí tí ó wúwo jù ṣe tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ń kọ wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹran, ẹja tàbí ìyẹ̀fun ẹran tí wọ́n dárúkọ ẹranko rẹ̀ wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ èèpo àlìkámà ni ó ṣáájú, tí èèpo ìrẹsì sì tẹ̀ lé e, owó èèpo ni a ń san.

Àwọn kan ń béèrè oúnjẹ tí kò ní àgbàdo tàbí ìrẹsì nínú rárá, wọ́n sì ń san owó gọbọi fún un. Ní oṣù Keje ọdún 2018 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀wà pòpòǹdó kéékèèké àti lẹ́ńtìlì pọ̀ nínú rẹ̀, ní í ṣe pẹ̀lú àrùn ọkàn lára ajá. Ajá tí ara rẹ̀ dá kò nílò rẹ̀.

Owó ọjọ́ kan ni kí a ṣírò

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìyí. Wọn a wo iye tí àpò kan jẹ́, wọn kì í wo iye tí ajá ń jẹ lóòjọ́. Kálórì ni ajá ń jẹ, kì í ṣe kílò. Ajá àgbà tí ó wọn kílò 10, tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, nílò nǹkan bíi kálórì 630 lóòjọ́. Oníkílò 20 nílò 1,060. Oníkílò 30 nílò bíi 1,435. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kún un. Láti mọ ìwọ̀n ajá, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gun orí òṣùwọ̀n, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó fi dín ni ìwọ̀n ajá náà.

Ká sọ pé àpò méjì wà, oníkílò 15 ni méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ náírà 40,000, kálórì 3,800 ni ó wà nínú kílò rẹ̀ kan. Èkejì jẹ́ 30,000, kálórì 3,000 ni tirẹ̀. (Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe owó ọjà òní.) Ajá oníkílò 20 wa yóò jẹ gíráàmù 279 nínú èyí tí ó wọ́n, owó rẹ̀ jẹ́ náírà 744. Yóò jẹ gíráàmù 353 nínú èyí tí ó pọ́ọ̀kú, owó rẹ̀ jẹ́ náírà 707. Àpò àkọ́kọ́ yóò tó ọjọ́ 53, èkejì kò ní pé ọjọ́ 43. Náírà 10,000 tí a rò pé a jèrè ti di náírà 37 lóòjọ́, a ó sì máa kó ìgbẹ́ tí ó pọ̀ jù lágbàlá, nítorí pé ohun tí ara ajá kò lò yóò jáde.

Bí wọn kò bá kọ kálórì sára àpò, a lè ṣírò rẹ̀ fúnra wa. Ẹ mú 100, ẹ yọ amúaradàgbà, ọ̀rá, fáíbà, omi àti eérú kúrò. Ohun tí ó kù ni ti afáralókun. Ẹ sọ amúaradàgbà àti afáralókun di ìlọ́po 3.5, ọ̀rá di ìlọ́po 8.5, ẹ ro wọ́n pọ̀, kálórì inú gíráàmù 100 nìyẹn. Oúnjẹ tí ó ní amúaradàgbà 22, ọ̀rá 10, fáíbà 4, omi 10 àti eérú 8 yóò ṣẹ́ afáralókun 46 kù: 77, 85 àti 161, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 323. Kílò kan jẹ́ 3,230. Akápò ẹgbẹ́ kankan kò ní ṣàìlè ṣe é.

Èbu, ọ̀tá tí ojú kò rí

Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń kó kòkó wá sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láyé ìjọ́sí mọ ohun tí èbu ń ṣe. Olùyẹ̀wò a fi ọ̀bẹ la hóró kòkó, bí èyí tí ó bu bá ti ju mẹ́ta lọ nínú 100, kò lè jẹ́ ipò kìíní mọ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni kí a fi wo oúnjẹ ajá, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó.

Èbu kan wà tí ó ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà, tí ó ń tú májèlé tí wọ́n pè ní aflatoxin sínú wọn. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a mú, nígbà tí tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìyókù ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, ènìyàn 125 ni ó kú nínú 317 tí ó ṣàìsàn nítorí àgbàdo tí ó bu. Ajá kò lè fara dà á rárá. Ní ìparí ọdún 2005, ó ju ajá 100 lọ tí ó kú ní Amẹ́ríkà nídìí oúnjẹ ilé iṣẹ́ Diamond. Ní ìparí ọdún 2020, ó tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ Sportmix, tí ó pa ajá tí ó ju 110 lọ. Àgbàdo ni ó fà á nígbà méjèèjì. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kí ni kí a retí nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa?

Sísè kò pa májèlé yìí. Oòrùn kò pa á. Bí a bá ṣa hóró tí ó bu kúrò, ó ti lè wà nínú èyí tí ó kù. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé “mo sá a díẹ̀ sí oòrùn, kò sí nǹkan tí ó ṣe é” ń tan ara rẹ̀. Ẹ bi oníṣòwò bí ó ṣe ń tọ́jú àpò. Ní Ibafo tí omi máa ń dúró nílẹ̀ lásìkò òjò, àpò tí ó jókòó lórí símẹ́ńtì lásán ti ń fa omi láti ìsàlẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ wà ní rírán. Kí ó wà lórí pákó, kí ó má fara kan ògiri. Nílé, ẹ má dà á kúrò nínú àpò rẹ̀. Ẹ ká ẹnu àpò náà, ẹ gbé e odindi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Òórùn ọ̀rá kíkan jẹ́ àmì pé ó ti bàjẹ́. Bí ajá tí kì í ṣojo oúnjẹ bá dédé kọ̀ ọ́, ẹ gbà á gbọ́.

Oúnjẹ adìẹ kì í ṣe oúnjẹ ajá

N kò fẹ́ sáré kọjá ibí yìí, nítorí pé àwọn tí ń sin adìẹ pọ̀ láàárín wa, pàápàá lápá Ifo. Bí owó oúnjẹ ajá bá ti le, ọwọ́ a lọ sínú àpò fíìdì. Oúnjẹ adìẹ tí ń yé ní kálíṣíọ̀mù tó 3.5 sí 4 nínú 100, nítorí èèpo ẹyin. Èyí tí ó pọ̀ jù tí ajá gbọdọ̀ jẹ jẹ́ 2.5, fún ọmọ ajá tí yóò di ńlá bíi Boerboel tàbí Rottweiler kò gbọdọ̀ ju 1.8 lọ. Ara ọmọ ajá kò tíì mọ bí a ṣe ń ti èyí tí ó pọ̀ jù sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni yóò máa wọlé, egungun yóò sì dàgbà ní wíwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ tí a ń sọ pé “aráyé ló ṣe é” ni ó ti inú abọ́ wá.

Ti oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́ran burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sábà máa ń po oògùn tí ó ń dènà kọkisídíósìsì mọ́ ọn, bíi monensin tàbí salinomycin. Adìẹ ń gbà á, ṣùgbọ́n ó lè gba agbára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ajá, ó sì lè pa á.

Oúnjẹ ilé ńkọ́? N kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ nìkan kò ní amúaradàgbà tó, ẹran tí kò ní egungun kò ní kálíṣíọ̀mù, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa sè fún ajá, kí ó bi dókítà ẹranko bí yóò ṣe pò ó.

Ajá mẹ́rin, àpò mélòó?

Bí ilé bá ní ajá mẹ́rin bí èyí tí a sọ lókè, ra àpò mẹ́rin kò ṣeé ṣe. Oúnjẹ tí wọ́n kọ ALL LIFE STAGES sí lára, tàbí èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ ajá, ni ó lè bọ́ gbogbo wọn, nítorí pé ohun tí ó tó ọmọ tó àgbà. Iye tí a ó wọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò yàtọ̀. Abiyamọ tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ lè jẹ ìlọ́po méjì sí mẹ́rin oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́. Ẹ má ṣe há a mọ́ ọn. Ọmọ ajá yóò jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Arúgbó tí kì í rìn mọ́ ni kí a dín tirẹ̀ kù. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́sẹ̀ méjì-méjì: ó yẹ kí ọwọ́ kan egungun ìhà, ṣùgbọ́n kí ojú má máa kà á láti òkèèrè. Kí abọ́ wọn sì jìnnà síra, nítorí pé bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n kan, akọ ńlá ni yóò jẹ ti gbogbo wọn. Bí akọ náà bá jẹ́ ọmọ ajá ńlá tí ó ṣì ń dàgbà, oúnjẹ ọmọ ajá ńlá ni kí ilé náà rà, nítorí ọ̀rọ̀ kálíṣíọ̀mù tí a sọ.

Kí ẹgbẹ́ tó ra àpò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dára kí ilé mẹ́ta tí wọ́n ní ajá kọ́kọ́ pín àpò kan tí a kò tíì tú ẹnu rẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ fún oṣù kan, kí akọ̀wé sì kọ nọ́ńbà bátì rẹ̀ sínú ìwé. Kí wọ́n má ṣe yí i padà lójijì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìdá kan tuntun sí mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ lé e, ìdajì sí ìdajì. Ọjọ́ méjì mìíràn, mẹ́ta tuntun sí kan. Ní ọjọ́ keje, tuntun nìkan. Bí ìgbẹ́ bá rọ̀ díẹ̀, ẹ dúró lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, tí inú ẹnu àti funfun ojú rẹ̀ di bíi ti ẹni tí ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídúró wò. Ẹ mú oúnjẹ náà kúrò níwájú gbogbo ajá ilé, ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tí ó súnmọ́ yín. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ gbé àpò oúnjẹ náà dání pẹ̀lú ohun tí ó kù nínú rẹ̀, nítorí pé dókítà yóò fẹ́ rí nọ́ńbà bátì náà.